Ẹ̀kúnwọ́ Iyanrìn

Màámi, ẹ kú ilé o. Ara mi le koko, ẹ fọkàn balẹ̀.

Àná ni ọlidé ní ìlú tí mo wà níbí. Gbogbo àdúgbò ya lọ sétí òkun, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Èmi náà jayé. Lóòótọ́, àga ni mo ń bá wọn tò, ṣùgbọ́n atẹ́gùn òkun kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni. Àwọn ọmọ a máa fi iyanrìn bo bàbá wọn dé ọrùn, bàbá á máa rẹ́rìn-ín. Ìdílé kan ní kí n wá bá àwọn bù sí i. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ọwọ́ mi kọ̀, kò ṣí. Mo ní iyanrìn ló kó sí mi lójú.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Ẹ ní mo ní ó ṣeun, tó dúró fún mi níbi ìsìnkú Bàámi, tó da erùpẹ̀ tó yẹ kí àkọ́bí dà.