Yàrá Tí Ohùn Kì Í Jáde

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìgbà tí ẹ ń fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi o, torí bàbá mi ń gbọ́ ètò yín.

Ìpolówó ọjà ni mo máa ń ka sínú ẹ̀rọ nílé. Lẹ́yìn tí ìyá mi kú, yàrá tí wọ́n ti ń ránṣọ ni mo fi ṣe ibi ìgbohùnsílẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti kó ẹrù wọn jáde, yàrá ṣófo; bí mo bá ti sọ̀rọ̀, ògiri á tún un sọ. Ni mo bá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri, mo sì fi fóòmù dí etí ilẹ̀kùn. Bàbá mi rẹ́rìn-ín: "Ṣé òtútù ń mú ògiri ni?"

Ariwo ìta ò wọlé mọ́, tinú ibẹ̀ ò sì jáde. Ni bàbá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sán. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wò ó bóyá fóòmù ń ṣí.

Lánàá, mi ò rántí pa ẹ̀rọ. Nígbà tí mo gbọ́ ohun tó gbà sílẹ̀, ẹkún bàbá mi ni. Bàbá tí omi ò bọ́ lójú wọn níbi ìsìnkú! Wọ́n ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀: "O ò tiẹ̀ dágbére fún mi."

Lónìí, nígbà tí wọ́n tún wọ yàrá náà, mo lọ kanlẹ̀kùn kí a lè jọ sunkún. Fóòmù tí mo fọwọ́ ara mi dí ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ ni, àbí kí n yọ fóòmù yẹn? Olóòtú, ẹ kúkú dárúkọ mi, kí bàbá mi lè mọ̀ pé èmi ni mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.