Ọwọ́ Tí Kò Ní Jù Ú Sílẹ̀

Yàrá Kẹta,
Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ọwọ́-irin,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ẹsẹ̀ Bàbá ńkọ́? Èmi ò ṣàìsàn, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ikọ́ yẹn ò lọ. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan kan. Dókítà ní ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó sì lè jẹ́ òmíràn tó máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ní éèdì jẹ́, oògùn wọn ò sì jọra. Àfi kí wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó níná lórí gba imú rẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, kí wọ́n da omi díẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n fà á padà lọ yẹ̀ wò.

Ó ní òun ò wọlé láìsí èmi. Nítorí kò ní lè sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì ní kó máa tẹ ọwọ́ mi: ẹ̀ẹ̀kan, ó ń fara dà á, ẹ̀ẹ̀mejì, kí wọ́n dúró. Mo rí inú àyà rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré kan: ọ̀nà pupa tó ń ya sí méjì, tó tún ń ya, tó ń mì bó ṣe ń mí. Kí omi tó débẹ̀, ó tẹ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo pariwo, “Ẹ yọ ọ́!” Wọ́n yọ ọ́ lófo.

Nígbà tí ohùn rẹ̀ là, ó bú mi. “Olóríkunkun! Ọjọ́ tí mo nílò agídí rẹ lo sọ ọ́ nù?”

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́.”

“Ẹni tó ń rì, ṣé ó mọ ohun tó ń sọ ni?”

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dijú, ọ̀nà pupa yẹn ni mò ń rí. Ọwọ́ mi á ká fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa tún un ṣe. Bí àyà rẹ̀ bá tún le sí i, wọn ò ní lè ṣe é mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ìwọ wá di òun lọ́wọ́ mú. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n to eegun apá òun, gbogbo wa sá, ìwọ nìkan lo di òun mú; òun gé ọ jẹ, o ò sì ju òun sílẹ̀. Ó ti sọ fún dókítà pé bí òun bá tẹ ọwọ́ rẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹnikẹ́ni má dá òun lóhùn. Dókítà ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èémí rẹ̀ lòun máa wò, kì í ṣe ọwọ́.

Látìgbà tí mo ti sọ fún ọ pé éèdì ni, o ò yọjú. Dídi ọwọ́ mú kì í ranni. Wọ́n á sì bò ọ́ nímú nítorí ikọ́. Ìgbà ìpọ́njú là ń mọ̀rẹ́. Mi ò fi gún ọ lára o. Irọ́ ni, mo fi gún ọ lára.

Bá mi kí ìyàwó, bá mi kí Bàbá. Àpá eyín ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Mú ọwọ́ náà bọ̀.

Èmi ni tìrẹ, lójú àti lẹ́yìn,
Olóríkunkun.