Ọ̀dà Funfun Lára Opó

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà

Mo tan Opó ní agogo méje. Ìgbà kẹta ni ó tó dáhùn. Òtútù ni – tàbí kabúrétọ̀. Mo jókòó sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó lè gbóná. Ó kọ́kọ́ ń kùn bí ẹni tí a jí lójijì, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ balẹ̀. N kò mọ ohùn mìíràn tí ó dùn létí mi tó bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, yàtọ̀ sí ohùn orin ìsìn.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nìyí tí mo ra ọkọ̀ yìí lọ́wọ́ opó awọnlẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ẹnìkejì mi, ìyàwó tí Ọlọ́run fi fún mi, kò pè é ní Opó. Orogún ni ó ń pè é.

Mẹkáníìkì wá wò ó lọ́sàn-án. Ó ní irú kabúrétọ̀ yẹn ti wọ́n jáì, kí n fún òun ní oṣù kan láti wá a kiri. Ó wá bi mí pé, “Bàbá, ẹ̀yin àti ọkọ̀ yìí, èwo nínú yín ló máa sin èkejì?” Mo ní Ọlọ́run nìkan ni ó mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí sípánà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì

Àbíkẹ́yìn wa pè lórí fóònù. Adájọ́ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, nítorí kì í sọ̀rọ̀ tán láìdá ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. “Bàbá, ẹ ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó di ẹ̀dùn.”

Mo ṣe ìlérí kan fún un, ìyá rẹ̀ sì gbọ́. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ mi bá fara kan ọkọ̀ ẹlòmíràn, lọ́jọ́ náà ni n óò gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, n kò sì ní dúró kí ẹnikẹ́ni wá gbà á.

Ó ní, “Ṣé ẹ ó sọ fún wa tó bá ṣẹlẹ̀?”

Mo ní, “Ìgbà wo ni mo purọ́ fún ọ rí?”

Ó ní ó dáa.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹta

Ìsìn òwúrọ̀. Wọ́n fi abẹ́ igi sílẹ̀ fún mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Kò sí ẹni tí ó gbé ọkọ̀ sí apá ọ̀tún tàbí apá òsì Opó. Ọ̀wọ̀ Bàbá Ìjọ ni. Ó máa ń tì mí lójú díẹ̀, ó sì máa ń dùn mọ́ mi.

Ẹnìkejì mi dúró de ìpàdé àwọn ìyá. Èmi nìkan ni mo wakọ̀ lọ sílé. Bí mo ti ń fi ẹ̀yìn wakọ̀ jáde lábẹ́ igi, mo gbọ́ nǹkan kan tí ó dún – kó. Òkúta.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin

Àlùfáà ránṣẹ́. Ẹnì kan kọ lu ọkọ̀ Ìyá Akọrin nínú ọgbà ìjọ lánàá. Ọkọ̀ tuntun, funfun báláú, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ó rà á. Ó ti wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná iwájú. Awakọ̀ Ìjọ, ẹni tí ń wa bọ́ọ̀sì wa, ní òun ni.

Ó bà mí nínú jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni ní kíláàsì kẹta, ọdún mẹ́tàlélógójì sẹ́yìn. Tíṣà ni ó ṣì ń pè mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Ìgbìmọ̀ jókòó. Èmi ni alága. Ìyá Akọrin ní òun ti dárí jì í, pé irin lásán ni. Àlùfáà ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn.” Mo ní rárá. Bọ́ọ̀sì ìjọ ń kó ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tí ó jìn sí kòtò gbọ́dọ̀ kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ni kòtò wà fún?

Mo bá a wí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lórí ojú, lórí etí, lórí jígí ẹ̀yìn tí a gbọ́dọ̀ máa wò nígbà gbogbo, kì í ṣe ìgbà tí ó bá wù wá nìkan. Gbogbo ìgbìmọ̀ tẹjú mọ́lẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára ni.

Ìdájọ́: kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́ọ̀sì fún oṣù mẹ́ta, ẹnu géètì ni yóò máa jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀. “Mo gbọ́, Tíṣà.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo fọ Opó. Korobá méjì, aṣọ méjì – ọ̀kan fún ara, ọ̀kan fún gíláàsì. N kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọ̀ ọ́.

Ní igun bọ́ńpà ẹ̀yìn, lápá òsì, mo rí ọ̀dà funfun. Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Opó jẹ́ aláwọ̀ ewé láti òkè délẹ̀. Omi kò mú un kúrò. Ọṣẹ kò mú un kúrò. Mo fi èékánná ha á, díẹ̀ bọ́. Mo fi ìyókù sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹwàá

Mo fi rúlà onígi mi sápò kóòtù lọ sí ìsìn. Wọn kò tíì tún ọkọ̀ Ìyá Akọrin ṣe. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń kíra lẹ́nu ọ̀nà, mo wọ̀n ọ́n.

Ibi tí ó ti wọnú: íńṣì mọ́kàndínlógún láti ilẹ̀.
Bọ́ńpà Opó: mọ́kàndínlógún.
Bọ́ńpà bọ́ọ̀sì ìjọ: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ìṣirò ọmọ kíláàsì kejì.

Awakọ̀ Ìjọ ló ṣí géètì fún mi. “Ó dàbọ̀, Tíṣà.”

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Bí n bá dákẹ́, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè rí bí ó ti rí lójú ìwé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Mo wa Opó jáde kúrò nínú ìlú, títí dé ibi tí ọ̀nà ti gun òkè. N kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń kọrin ní jíà kẹta. Afẹ́fẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé, àga ń rùn bí awọ àtijọ́ àti bẹntiróòlù. Ẹsẹ̀ mi ń dùn mí bí mo bá rìn dé ilé kejì. Nínú Opó, n kò ní ẹsẹ̀ tí ń dùn mí. Mo yí padà lórí òkè, mo sì bọ̀.

Àdúrà alẹ́ kò gùn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Mo sọ ọ́ fún ẹnìkejì mi. Aṣọ ni ó ń ká lórí ibùsùn. Mo ní, “Èmi ni mo kọ lu ọkọ̀ Ìyá Akọrin.”

Ó ká aṣọ ìrọ̀rí kan tán kí ó tó dáhùn. “Mo mọ̀, Bàbá wọn.”

Mo béèrè ẹni tí ó sọ fún un. Ó ní ta ni kò mọ̀? Àwọn ènìyàn tí ó wà níta lọ́jọ́ náà tó ogún. Gbogbo wọ́n rí i. Kò sí ẹni tí ó lè gbé e kò mí lójú.

Ó tún sọ èyí tí n kò béèrè. “Abẹ́ igi yẹn ńkọ́? Ẹ rò pé ọ̀wọ̀ ni? Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń sá fún orogún mi. Bí wọ́n bá ti gbúròó rẹ̀ ní géètì, oníkálukú á lọ gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà.”

Mo ní, “Ìwọ náà kò sì sọ fún mi.”

Ó ní, “Ẹni tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún, òun ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kẹ́yìn.” Ó gbé aṣọ lọ sínú àpótí.

Nítorí náà, ní ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀ lórí jígí ẹ̀yìn, gbogbo ìgbìmọ̀ mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo lọ bá Awakọ̀ Ìjọ ní géètì. Ó dìde, ó gbé àga rẹ̀ fún mi. Mo bi í pé kí ló dé tí ó fi gba ohun tí kò ṣe.

Ó ní, “Tíṣà, gbogbo wa ń wo ara wa ni. Ìyá Akọrin ní òun ò lè sọ ọ́. Àlùfáà ní ọmọdé lòun jẹ́ lójú yín. Èmi ni mo kàn ń wakọ̀ jẹun níbẹ̀, ló bá bọ́ sí mi lọ́rùn.”

“O sì jẹ́ kí n bá ọ wí fún odidi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.”

“Ó dùn ún gbọ́, sà. Ti jígí ẹ̀yìn yẹn gan-an, ẹ là á yé wa dáadáa.”

Mo wojú rẹ̀. Kò yí. Mo ní n kò kọ́ ọ ní irọ́ pípa.

“Rárá o, Tíṣà. Ohun tí ẹ kọ́ wa ni pé ọmọ tó bá já àgbà nírọ́, ẹgba mẹ́fà.”

Mẹ́fà ni. Ó rántí dáadáa.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo gba àyè lẹ́yìn ìkéde. Mo jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ìjọ: mo kọ lu ọkọ̀, mo fi ìyà rẹ̀ jẹ ẹlòmíràn, n kò mọ̀ ọ́n nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n fún ọjọ́ mẹ́jọ. Mo ka íńṣì náà fún wọn.

Ẹnì kan wúkọ́. Ìyá Akọrin dìde, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi – òun ni ó ń bẹ̀ mí. “Ẹ má bínú sí wa, Bàbá. Èmi ni mo gbé ọkọ̀ síbi tí kò yẹ.” Kápẹ́ńtà àgbà kan nínú ìjọ ní ògiri ọgbà ni ó fún wa mọ́, pé kí a tì í sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àlùfáà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àgbà tí ó ní ìrẹ̀lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé kí n má wakọ̀ mọ́.

Mo kó ẹ̀ṣẹ̀ wá, wọ́n di ìyìn lé mi lọ́wọ́ lọ sílé.

Awakọ̀ Ìjọ gba kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì rẹ̀ padà. Òun nìkan ni kò kí mi kú oríire.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo pe Adájọ́. Mo rán an létí ìlérí wa. Mo rò pé kò ní jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán kí ó tó béèrè kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti ṣáájú mi pè é.

“Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Kò sẹ́ni tí ò lè ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ ṣáà máa rọra.”

Mo ní ìwọ ha kọ́ ni o ní kí n má jẹ́ kó di ẹ̀dùn?

“Ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀, sà.” Ohùn tí a fi ń bá ẹni tí ó wà lórí ibùsùn àìsàn sọ̀rọ̀ ni.

Ẹni tí mo ṣèlérí fún ti dá mi sílẹ̀. Ó yẹ kí n yọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀ – ǹjẹ́ ojú yìí ṣì tó wakọ̀? – kò sì sí ẹni tí yóò dá mi lóhùn nínú gbogbo àwọn tí ó fẹ́ràn mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì ìjẹun. Ẹnìkejì mi ń nu tábìlì yí i ká.

Ọjọ́rú, ọjọ́ ogún

Mo ránṣẹ́ pe Awakọ̀ Ìjọ. Mo ní kí ó bá mi jókòó nínú Opó lọ́la, kí ó dán mi wò bí mo ti ń dán wọn wò láyé ọjọ́sí. Mo fún un ní ìwé kan àti bírò pupa. Máàkì mẹ́wàá. Kò gbọdọ̀ ṣojúsàájú.

Ó yí bírò náà síwá sẹ́yìn. “Tíṣà, ẹ̀yin ni kí n fún ní máàkì?”

Mo ní bí ó bá purọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kejì, ẹgba mẹ́fà. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á wá lágogo mẹ́wàá, nígbà tí ọ̀nà bá dá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Opó dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lónìí. A gba ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́, a kọjá afárá, a yí ká ilé ìwé. Mo wo jígí. Mo tan iná tí a fi ń yà. Jíà ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Awakọ̀ Ìjọ kò kọ ohunkóhun sínú ìwé. Lọ́kàn mi, mo ti fún ara mi ní méje.

Nígbà tí a yà síbi ilé ìwòsàn, ó pariwo, “Dúró!” Kò sí Tíṣà níbẹ̀, kò sí ẹ jọ̀wọ́. Ó sì na ọwọ́, ó fa búréèkì ọwọ́ sókè. Ẹ́ńjìnnì kú.

Obìnrin kan wà níwájú wa. Ó pọn ọmọ kan, ó fa èkejì lọ́wọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan wà lórí bọ́ńẹ́ẹ̀tì.

N kò rí wọn. Mo kọ ọ́ bí ó ti rí: mo ń wo ọ̀nà, ọ̀nà náà ṣófo, wọ́n sì wà níbẹ̀.

Obìnrin náà wo inú ọkọ̀. Ó rí irun mi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Ẹ má bínú.” Ó sì fa ọmọ rẹ̀ kọjá.

Ọwọ́ Awakọ̀ Ìjọ kò kúrò lórí búréèkì. Mo béèrè máàkì mi.

Ó wo iwájú.

“Òdo, Tíṣà.”

Mo bọ́ sílẹ̀, mo gba iwájú ọkọ̀ kọjá sí apá kejì. Láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, n kò jókòó níbẹ̀ rí. Òun bọ́ sí àyè awakọ̀, ó sì ti àga sẹ́yìn nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju tèmi lọ. Kí ó tó tan ẹ́ńjìnnì, mo ní kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí máàkì tí a kò kọ kì í ṣe máàkì.

Ó gbé ìwé náà lé orúnkún. Ó kọ ọ́ gbàgàdà, ó sì fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀, bí mo ti kọ́ wọn.