Ìbákẹ́dùn fún Ilé Akínbíyìí Ọmọ́tọ́ṣọ́, Ẹni Tó Ń Wo Òrùlé Kiri

Ẹgbẹ́ Onírédíò Port Harcourt
Oṣù Kọkànlá, 1963

Sí Ìyáàfin Hannah Ọmọ́tọ́ṣọ́, Bùkọ́lá ọmọ wọn, àti gbogbo ẹbí ní Ìkàrẹ́.

Ìbànújẹ́ ọkàn ni àwa ọmọ ẹgbẹ́ fi kọ ìwé yìí lórí Ọ̀gbẹ́ni Akínbíyìí Ọmọ́tọ́ṣọ́, akọ̀wé wa, tí àìsàn ráńpẹ́ mú lọ ní oṣù tó kọjá. Èdè Òyìnbó ni ẹgbẹ́ fi ń kọ̀wé. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá láàárín wa ló ní kí n kọ èyí ní èdè tí ẹ fi ń gbàdúrà nílé. Mo ṣe bí wọ́n ti wí.

Àwọn kan nínú ẹbí lè má mọ ohun tí ẹgbẹ́ wa ń ṣe. A kì í ṣe ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba. Olúkúlùkù wa ló ní ẹ̀rọ tirẹ̀ nílé, pẹ̀lú ìwé àṣẹ, tó fi ń bá ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. A kì í fi ṣòwò. Ohùn ènìyàn nìkan la ń wá.

Nígbà tí Akínbíyìí dé láti Ìbàdàn ní 1957 láti ṣiṣẹ́ ní báǹkì, kò gbọ́ ohùn kankan láti inú ìlú yìí. Ó ń gbọ́ Accra. Ó ń gbọ́ erékùṣù Fernando Po. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí òjò sì ti dá, ohùn á máa wọlé sí i láti òkèèrè bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Á sún mọ́ tòsí, á tún lọ. Ti Port Harcourt nìkan ni kò sí. Ó sọ èyí fún ọkùnrin kan ní Accra. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ ni ẹni kejì láti ìlú yẹn tó ń sọ fún mi pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀."

Èmi ni ẹni àkọ́kọ́. Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń sọ̀rọ̀ tèmi. Ìrọ̀lẹ́ ni ó ń sọ tirẹ̀. Wáyà tí àwa méjèèjì ta sórí òrùlé láti fi gba ohùn kọjú sí òkun. Kò sí èyí tó rò nínú wa pé ará ìlú òun lè ní nǹkan í sọ.

Láti ìgbà náà ló ti ń wo òrùlé. Tí ẹ bá ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, á yà kúrò lọ́nà, á gbójú sókè, á máa lọ láti òpópónà dé òpópónà, ó ń wá wáyà. Àwọn èèyàn rò pé ilé ló fẹ́ gbà. Ìyáàfin, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún wa bí ẹ ṣe máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá Bùkọ́lá, ṣé ẹ fẹ́ ra òjò ni?" Báyẹn ló ṣe dé ọ̀dọ̀ mi ní Elelenwo. Mo rò pé ìjọba ló rán an wá yẹ ìwé àṣẹ mi wò, mo sì tilẹ̀kùn. Ó dúró níta. Ó ní, "Bàbá, ẹ má sá. Èmi náà ní wáyà lórí òrùlé." Mo ṣílẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ó rí Múrítàlá, tí ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ṣe ní èbúté. Ó rí àwọn mìíràn. Ní Iwofe, létí omi, ó rí wáyà kan tí wọ́n ta láti ilé dé ara igi ọ̀pẹ, tí àwọn obìnrin sá àwọ̀n ìpẹja lé. Dagogo ló ni ín, ọkùnrin tí ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ó ti pẹ́ tó ti ń pe ènìyàn lórí afẹ́fẹ́, tẹ́nì kankan kò dáhùn. Ó gbà pé ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́. Akínbíyìí bẹ àwọn obìnrin náà, wọ́n ká àwọ̀n wọn, Dagogo sì gbọ́ ohùn ènìyàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Gẹdú já lé Dagogo lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Kò kúrò ní Iwofe mọ́. Bátìrì ọkọ̀ ló fi ń tan ẹ̀rọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò lágbára, àwa tó kù kì í gbọ́ ọ. Akínbíyìí nìkan ló ń gbọ́ ọ, nítorí ilé tí báǹkì fún un wà láàárín ìlú, òpó wáyà rẹ̀ sì ga. Ohun tó wá ń ṣe nìyí. Dagogo á sọ̀rọ̀, Akínbíyìí á tún un sọ fún wa. A ó fèsì, á tún èsì wa sọ fún Dagogo. Bí Dagogo bá dápàárá ní Píjìn, Píjìn ni yóò fi sọ ọ́ fún wa, kò sì ní rẹ́rìn-ín títí a ó fi gbọ́ ọ tán. Ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ ló fi ń ṣe èyí, lẹ́yìn iṣẹ́ báǹkì. N kò mọ iṣẹ́ ìsìn tó ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹgbẹ́ wa.

Ìyáàfin, ẹ bi wá léèrè lọ́jọ́ ìsìnkú bóyá gbogbo ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn já mọ́ nǹkan kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a tan ẹ̀rọ wa ní àkókò rẹ̀. Ibi tó máa ń wà lórí afẹ́fẹ́ dákẹ́. A mọ̀ pé Dagogo wà níbì kan nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, tó ń pè. A kò gbọ́ ọ. Báǹkì sì ti ń béèrè ilé wọn. Òpó gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Ẹ wá rán Bùkọ́lá sí wa pé kí ẹgbẹ́ máa gbé òpó náà lọ. A dúpẹ́.

A jà lé e lórí díẹ̀. Múrítàlá fẹ́ ẹ sí ilé rẹ̀ létí èbúté, kó lè bá àwọn ará Bràsíl lókè òkun sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí Bràsíl ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ohùn wa lọ sókè. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló jáwọ́. Ó ní, "Bràsíl ò ní sá lọ. Ẹ jẹ́ ká gbé e síbi tí wọ́n á ti gbọ́ Dagogo." Òun náà ló gun òpó, tó tú u.

A rì í mọ́lẹ̀ ní àgbàlá mi, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ ga. Elelenwo jìnnà sí Iwofe. Kò dá wa lójú. Oòrùn ń wọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí a tan ẹ̀rọ. Mo pe Dagogo. Ariwo afẹ́fẹ́ nìkan la gbọ́, bí òjò tó ń rọ̀ sórí odò. Mo tún pè. Múrítàlá nawọ́ láti yí ẹ̀rọ. Mo ní kó fi í sílẹ̀. A dúró. Ohùn kan gòkè láti ìsàlẹ̀ ariwo náà, tín-ín-rín.

"Oga Akin, na you be that?"

Dagogo mọ̀ pé Akínbíyìí ti kú. A ti ránṣẹ́ sí i. Ó ní orúkọ tó wà lẹ́nu òun ni òun pè. Mo sọ fún un pé èmi Adéyanjú ni, pé òpó Akínbíyìí ni mo fi ń gbọ́ ọ. A gbọ́ tí omi ń lu ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rán mi sí yín: "Tell Mama Bùkọ́lá say I dey. Tell am say person answer me today."

Ìyáàfin, èsì ìbéèrè yín nìyẹn.

Èmi àti Múrítàlá ló ń pín iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ náà ṣe báyìí. Ẹ̀rọ Akínbíyìí wà lọ́wọ́ wa. Bùkọ́lá ló ni ín, a ó sì kọ́ ọ títí yóò fi gba ìwé àṣẹ tirẹ̀, bó bá wù ú. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí ẹrù tí ẹ fẹ́ kó lọ sí Ìkàrẹ́. Àwa ni yóò dì í, a ó sì bá a dé Onitsha, títí yóò fi dé òdìkejì Odò Ọya.

Ọlọ́run tó gbọ́ Hannah ìgbàanì nínú tẹ́ńpìlì, nígbà tó jẹ́ ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì, kó gbọ́ ẹ̀yin náà lọ́jọ́ tí ohùn yín kò bá jáde, kó sì dá yín lóhùn.

Fún ẹgbẹ́,
J. A. Adéyanjú
Alága