Bọ́kẹ́ẹ̀tì Ìyá Yín Ò Tíì Ní Ihò

Eyínfúnjowó mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí wọ́n tó ní kí n wá máa ran ìyá mi lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó ti inú mi dé ẹnu bírò. Bàbá yín ní kí n kọ “ọmọ mi” sókè lẹ́tà, ojú tì mí, ọdún mélòó ni mo fi jù yín lọ? Orúkọ tí mo fún yín lọ́jọ́ ìgbéyàwó èmi àti bàbá yín ni mo kọ, torí eyín yín ni mo kọ́kọ́ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò dúró pẹ́.

Ṣé dáadáa lẹ wà? Iṣẹ́ ń kọ́? Ìlú ńlá ò ní gbé yín mì, ibi tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ á rọ̀ fún yín. Bàbá yín wà nídìí bàtà tó ń tún ṣe, ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́, ó ní kí n kí yín.

Ọ̀rọ̀ irúgbìn tòmátì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ni mo fẹ́ rò fún yín. Nígbà tẹ́ ẹ sọ fún bàbá yín lórí fóònù pé ẹni tí kò ní ilẹ̀ lè gbin nǹkan sínú ike, mo rò pé àwàdà ni, torí ẹ̀yìnkùlé wa, simẹ́ǹtì ni gbogbo rẹ̀. Akunlé tó wà lójúlé kejì fún mi ní ike ọ̀dà méjì, mo tún rí bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun kan lẹ́yìn balùwẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo da iyẹ̀pẹ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ní kí n dá ihò sídìí wọn, mo ní ìyẹn gan-an ni àwàdà. Ṣé ìyàwó tí kò tíì lo oṣù kan nílé ọkọ ni yóò máa dá ihò sí ike onílé? Nílé wa, ike tó bá jò, ìyàwó ni wọ́n ń bi.

Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn páálí irúgbìn pé oòrùn wákàtí mẹ́fà ló ń fẹ́ lóòjọ́, nítorí náà ibi tí oòrùn bá yà sí ni mò ń gbé ike tẹ̀lé e, títí bàbá yín fi ní òun ò mọ̀ pé darandaran lòun gbé níyàwó. Mo rí nọ́ńbà gígùn kan níbẹ̀ lábẹ́ àwọn ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́, mo pè é kí n lè bi ẹni tó ni irúgbìn léèrè ọ̀rọ̀. Obìnrin kan gbé e, ó ní nọ́ńbà náà kò sí. Mo kí i, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Mo ní iṣẹ́ ló ti sú u, mo ṣàdúrà fún un, mo gbé fóònù sílẹ̀.

Òjò wá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pupa rúsúrúsú, inú mi dùn, mo ní ewé ló kọ́kọ́ ń pọ́n kí ọmọ tó tẹ̀lé e. Mo pe akunlé kó wá wò ó. Ó tẹ iyẹ̀pẹ̀, omi rú bò ó lọ́wọ́, ó ní ìyàwó, ṣé tòmátì lò ń gbìn ni àbí ẹja lò ń sìn. Ó gba irin ṣóńṣó tí bàbá yín fi ń lu bàtà, ó fi í sínú iná, ó dá ihò márùn-ún márùn-ún sídìí ike ọ̀dà méjèèjì, omi ṣàn jáde, nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àwọn yẹn ti gbérí.

Ó wá yíjú sí bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun. Ìgbà yẹn ni bàbá yín rọra sọ pé inú rẹ̀ ni olóògbé ìyá yín ti máa ń wẹ̀ yín nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọ ọwọ́. Mo gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì náà mọ́ra, mo ní kò sẹ́ni tó máa fi irin gbígbóná kàn án. Bàbá yín ní ike ni ike ń jẹ́, kí n jẹ́ kí wọ́n lù ú. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a níbi tó ti ń fi aṣọ tó fi ń dán bàtà nu etí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà.

Tòmátì inú rẹ̀ ló tóbi jù, ó ti yọ òdòdó mẹ́ta. Akunlé ní tá a bá fà á tu báyìí, gbòǹgbò á já, tá ò bá sì dá ihò sí i, kò ní pẹ́ kú. Láràárọ̀ ni mò ń tẹ bọ́kẹ́ẹ̀tì náà sí ẹ̀gbẹ́ kí omi lè yọ́ jáde, agbòjò tí mo gbé wá sílé ọkọ ló sì ń bò ó. Apá ń ro mí.

Mi ò wá láti jókòó sórí àga ìyá yín, ẹ̀gbẹ́ ògiri tó mi. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé ẹni tó fi irúgbìn ránṣẹ́ síni ò lè kórìíra ẹni tán. Tẹ́ ẹ bá pè, ọ̀rọ̀ máa ń sá fún mi, màá ti fóònù sí bàbá yín lọ́wọ́, ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mò ń tọrọ: ṣé kí a lù ú, àbí kí a má lù ú? Tẹ́ ẹ bá ní rárá, màá gbà, màá fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, màá gbé e pa mọ́ dè yín. Tẹ́ ẹ bá sì ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá já àkọ́so rẹ̀. Tí nǹkan bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín, ẹ fi owó agbòjò ránṣẹ́, torí òjò ti ń pa èmi alára.

Ohun tẹ́ ẹ bá gbìn á hù, ọwọ́ yín lẹ ó fi ká a. Ohun rere ò ní jò mọ́ yín lọ́wọ́.

Mo tún fẹ́ sọ fún yín pé òdòdó kẹrin ti fẹ́

Bàbá yín ń pè mí láti ìta. Ó ní fóònù ti dún, ó ní ẹ̀yin ni, ó ní ẹ sọ pé kì í ṣe òun lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró, mò ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n