Àmì Tí Mo Fi Sí Ìbéèrè Kejìlélógún

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta

Ilé alájà kan tó wà lẹ́yìn ilé ìwé. Àwọn mẹ́jọ tí wọ́n jẹ́ aláàbọ̀ ara ló ń gbé ibẹ̀, àwa ọ́fíìsì ìjọba la sì ń lọ wò ó bóyá ìtọ́jú wọn pé ìwọ̀n. Òfin ní ká fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣáájú. Nítorí náà, ilẹ̀ ń dán, ọ̀dà ara ògiri kò sì tíì gbẹ. Èjìká aṣọ mi ti bàjẹ́.

Alábòójútó ilé náà ló mú mi káàkiri. Ẹlẹ́rìn-ín ni mo sọ ọ́, torí pé eyín rẹ̀ kì í wọlé. "Ẹ rọra o, ọ̀gá wa. Ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ yín jù."

Mo dúró ti ọkùnrin kan nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Orí kẹ̀kẹ́ ló wà, kò lè sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú, kò ní ẹbí mìíràn. Iṣẹ́ tí mo kọ́ kí n tó di olùbẹ̀wò nìyí: bí ènìyàn ṣe ń gbé oúnjẹ mì. Ọ̀nà méjì ló wà lọ́fun, ti oúnjẹ àti ti èémí, ilẹ̀kùn kékeré kan ló sì ń ṣọ́ wọn. Bí iṣan ẹni bá lọ́ra, ilẹ̀kùn náà kì í tètè tì, omi á sì yà sí ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí a fi ń po ìyẹ̀fun kan mọ́ omi kó lè ki, kó rọra sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run—alájẹkì làwọn àgbà ń bá wí. Èmi kì í fi rẹ́rìn-ín.

Omi rẹ̀ ki dáadáa. Ṣíbí kékeré. Ó jókòó gún. Mo bi í pé ṣé bí wọ́n ṣe ń fún un nìyí lójoojúmọ́. Ó wo ilẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Oorun ló ń kùn ún, ẹ jọ̀ọ́." Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè kejìlélógún: ǹjẹ́ ojú ìwé tó ṣàlàyé bí ẹni náà ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ wà nínú fáìlì rẹ̀? Ó wà. Mo fi àmì sí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo fún ilé náà ní máàkì mẹ́rin nínú mẹ́rin. Ìwé àṣẹ ọdún mẹ́ta. Mo buwọ́ lù ú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ilé ìwòsàn pè wá, bí òfin ṣe ní kí wọ́n ṣe. Ọkùnrin orí kẹ̀kẹ́ yẹn. Ẹ̀dọ̀fóró. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ti gba fáìlì rẹ̀ lọ́wọ́ ilé náà. Ó ti kà á. Ó na ojú ìwé kan sí mi, ìyá ọkùnrin náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ kó tó kú. Ìlà àkọ́kọ́: *Bẹ́ẹ̀ ni—á wo òkè. Rárá—á wo ilẹ̀.*

Ojú ìwé tí mo fi àmì sí. Mo rí i pé ó wà. Mi ò kà á. Èmi ni mo sì kọ ìbéèrè náà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn: "ǹjẹ́ ó wà," mi ò kọ "ẹ kà á."

Mo wá bi ọkùnrin náà, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ṣé omi lásán ni wọ́n ń fún yín? Ó wo òkè. Ṣé ọjọ́ tí mo wá nìkan ló ki? Ó wo òkè. Ṣé ẹ fẹ́ padà síbẹ̀? Ó wo ilẹ̀, kò sì gbé ojú kúrò níbẹ̀ títí mo fi ní, "Mo ti gbọ́."

Láti òní, Ojúlọ̀rọ̀wà ni mò ń pè é.

Ọjọ́rú

Ọkọ mi gbé oúnjẹ síwájú mi. "Ìwọ tó ń kọ́ gbogbo ayé bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan mì." Mo bu oúnjẹ náà padà sínú ìkòkò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo lọ bá ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì. Àbúrò ló jẹ́ sí mi lọ́jọ́ orí. Mo fẹ́ lọ sí ilé náà láìsọ fún wọn. Ó ní lẹ́tà ọjọ́ mẹ́rìnlá ni òfin. Ilé ìwòsàn yóò sì dá ọkùnrin náà padà sí wọn ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló lè dá a dúró—èmi ni mo ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun: bí ẹ̀sùn bá ti wọlé, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá ẹni náà padà fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ta ló lè fẹ̀sùn sùn? Òun fúnra rẹ̀, bó bá lè buwọ́ lùwé. Bí kò bá lè ṣe é, aṣojú rẹ̀. Tàbí ará ìlú tọ́ràn ṣojú rẹ̀, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa.

Aṣojú rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú: Ẹlẹ́rìn-ín.

Mo ní ọkùnrin náà ti fi ojú sọ tirẹ̀. Ọ̀gá wa ní, "Ojú kì í ṣe ìbuwọ́lù, ẹ̀gbọ́n. Ìwé wọn pé. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ó pé."

Mo bẹ nọ́ọ̀sì náà pé kó fẹ̀sùn sùn. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Bí mo bá ṣe é, wọ́n á lé mi lọ." Mi ò bínú sí i. Ó kà á, èmi ò kà á.

Ọjọ́ Àìkú

Mo kọ lẹ́tà. Mo fà á ya. Mo tún un kọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin

Aago mẹ́sàn-án: mo gbé ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ sórí tábìlì ọ̀gá wa. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀: mo tò sórí ìlà nísàlẹ̀ bíi gbogbo ará ìlú. Akọ̀wé ojú fèrèsé ń wò mí. "Mà, ṣebí ẹ̀yin lẹ ṣe fọ́ọ̀mù yìí?" Mo ní òun ni mo wá gbà.

*Ta ni ẹ ń fẹ̀sùn kàn?* Mo kọ orúkọ ilé náà. Àyè ṣẹ́kù. Mo kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀: olùbẹ̀wò tó fi àmì sí ojú ìwé tí kò kà. Akọ̀wé kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó lu òǹtẹ̀.

Ọkọ mi: "Ọdún méjì péré ló kù kí o fẹ̀yìn tì, arábìnrin yìí!" Lẹ́yìn náà ó bu omi fún mi, ó sì jókòó tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin

Mọ́tò ilé náà dé ilé ìwòsàn, Ẹlẹ́rìn-ín wà nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi ìwé ẹ̀sùn hàn án. Ẹlẹ́rìn-ín pa eyín dé—mi ò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹ̀yin lẹ fún wa ní mẹ́rin nínú mẹ́rin, mà. Àbí a yọ àdá sí yín ni?"

Mo ní rárá. Òótọ́ ló sọ.

Mọ́tò lọ lófìfo. Àwọn méje yòókù ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Ọ́fíìsì ní lẹ́tà ọjọ́ mẹ́rìnlá ti lọ sí ilé náà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù lórí ẹ̀sùn náà. Mò ń wá ilé mìíràn fún Ojúlọ̀rọ̀wà. Ilé mẹ́fà ti ní kò sí àyè. Ìkeje ní àyè wà. Obìnrin ibẹ̀ bi mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ tutù: "Ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú mélòó ni oúnjẹ rẹ̀ máa ń gbà?"

Mo mọ èsì tó fẹ́ gbọ́: ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo mọ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sórí ìwé.

Mo ní, "Ogójì ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́."

Ó ní òun yóò pè mí padà.