Tófúnmi Nínú Dísìkì Àtijọ́

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Fébúárì 2006

Tófúnmi. Mo kọ orúkọ náà síbí nítorí wọ́n ní ká má pè é nínú ilé mọ́. Ìwé kì í ṣe ilé.

Ibà ló mú un lọ ní oṣù kọkànlá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀gbọ́n Láídé ìyàwó mi wá kó àwa méjèèjì lọ sílé wọn ní Maryland, lẹ́bàá Ìkẹjà. Kọmíṣọ́nnà ni mo ń pe ẹ̀gbọ́n yìí nínú ọkàn mi, nítorí àṣẹ pípa. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀, àwọn àgbà ló sì ń bójú tó o. Bàbá àti ìyá kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Nígbà tí a fi padà sí Agége, ilé ti mọ́. Aṣọ rẹ̀, bàtà, báàgì ilé ìwé, fọ́tò ara ògiri, gbogbo ẹ̀ ti lọ. Wọ́n tiẹ̀ ti kun ibi tó ti fi bírò ya ilé sí lára ògiri. Bí àṣà ṣe wí nìyẹn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà.

Kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Arúgbó — orúkọ tí mo fún un nìyẹn — ọ́fíìsì wa ní Aláúsá ló fẹ́ dà á nù tí mo fi gbé e wálé. Inú rẹ̀ ni àwọn fọ́tò tí mo fi kámẹ́rà ọ́fíìsì yà wà. Ohùn Tófúnmi náà wà níbẹ̀. Ó máa ń di maikirofóònù mú, á máa ka ìròyìn bí àwọn ará tẹlifíṣàn: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Èmi ni Olúwatófúnmi, láti Agége." Láti ìgbà tí a ti dé ni Arúgbó kò ti wọlé mọ́. Á tàn, á kọ ọ́ sójú pé òun kò rí Wíńdò, ètò tí òun máa fi ṣiṣẹ́, á dúró síbẹ̀.

Lónìí, nídìí tábìlì mi, mo gbìyànjú láti rántí eyín Tófúnmi tó yọ gbẹ̀yìn. Ọwọ́ ọ̀tún ni àbí ọwọ́ òsì? Mi ò rántí. Oṣù mẹ́ta péré. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Fébúárì

Mo lọ bá Shuaib ní Ọ̀tìgbà, ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, òun ló ń tún kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ṣe. Ó ní kí n gbé Arúgbó wá. Mo kọ̀. Mi ò fẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ rí ojú ọmọ mi kí èmi tó rí i. Mo purọ́ pé ìwé ọ́fíìsì kan ni mo ń wá nínú ẹ̀.

Ó wá fún mi ní sídíì. Línúsì ni wọ́n ń pe ohun tó wà nínú ẹ̀, irú èyí tó fúyẹ́, tó lè gbé kọ̀ǹpútà tó ti gbó. Ó ní orí sídíì ni yóò ti ṣiṣẹ́, kò nílò Wíńdò, kò ní fọwọ́ kan dísìkì, ibi tí Arúgbó ń kó nǹkan pamọ́ sí. Bó bá ti wọlé, màá rí gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì láti ibẹ̀.

Mo fún sídíì náà lórúkọ: Kékeré. Kékeré á mú Arúgbó sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 6 Fébúárì

Kékeré ò wọlé. Arúgbó ò tiẹ̀ wo ọ̀nà sídíì, orí dísìkì ló ń sáré lọ, á tún ní òun ò rí nǹkan. Mo tàn án, mo pa á, mo tàn án títí orí fi ń fọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ yìí ìyàwó mi ń ṣe iṣẹ́ ọ̀sán ní ilé iṣẹ́ oògùn ní Ìlúpéjú, ó máa pẹ́ kí bọ́ọ̀sì wọn tó gbé e dé. Mi ò fẹ́ kó bá mi nídìí ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Fébúárì

Kò síná.

Ọjọ́bọ̀, 9 Fébúárì

Shuaib ṣàlàyé lórí fóònù. Bí Arúgbó bá ṣe ń jí, kí n máa tẹ Delete léraléra, ojú aláwọ̀ búlúù kan á yọ, kí n sọ fún un níbẹ̀ pé sídíì ni kó kọ́kọ́ wò, kì í ṣe dísìkì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pẹ́ jù. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ó yọ. Mo yí i. Sídíì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, lẹ́tà funfun ń sáré lójú ẹ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo ojú ẹ̀ ṣú biribiri.

Mo jókòó síwájú dúdú yẹn. Mo ń rí ojú ara mi nínú ẹ̀. Mo ti gbó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Fébúárì

Ojú tó ṣú náà: mo ti ń yan àwòrán tó kọjá agbára Arúgbó ni. Kékeré máa ń béèrè irú ojú tí èèyàn ń fẹ́, èmi sì ń yan èyí tó dára jù, bí ẹni tó lọ ra aṣọ ọdún. Mo yan èyí tó kéré jù, tó burẹ́wà jù. Ó yọ! Àwòrán ńlá, lẹ́tà gbàǹgbà, ṣùgbọ́n ó yọ.

Ni máósì bá kọ̀. Ọfà náà jókòó sáàárín gbùngbùn, kò mira. Mo yọ máósì, mo tún tì í bọ ibẹ̀, mo bú u. Iná lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Fébúárì

Kọmíṣọ́nnà wá kí wa lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n gbé iṣu Èkìtì wá. Wọ́n tún sọ ọ́: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ẹni tó wá ló ń sọ ọ́, ohun rere ni wọ́n sì ń gbà lérò. Ṣùgbọ́n omi yẹn lórúkọ. Omi yẹn ń ka ìròyìn.

Láídé gbé iṣu náà wọ kíṣìnì. Ó ti lé lógójì ọdún, òun ló mọ bí agbè ṣe ń ṣe òun.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n rí i pé mo ti ṣí aṣọ kúrò lórí Arúgbó. Wọ́n bi mí kí ni mo ń fi ṣe. Mo ní iṣẹ́ ọ́fíìsì. Wọ́n wo Láídé, Láídé wo ilẹ̀. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe wọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Fébúárì

Máósì ti ń rìn. Ó yẹ kí n ti tì í bọ ibẹ̀ kí n tó tan Arúgbó ni, kí n sì sọ irú èyí tó jẹ́ fún Kékeré, nítorí kì í dá a mọ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ wo àgbàlagbà tó ń wọ́ máósì káàkiri tó ń rẹ́rìn-ín.

Ó lọ́ra ju ìgbín lọ. Kékeré ní mẹ́mórì Arúgbó kò tó, ṣé kí òun yá ààyè díẹ̀ lórí dísìkì. Mo tẹ Yes. Mo ṣì ń wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí dísìkì gan-an nígbà tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Mo sáré pé kí n pa á dáadáa. Ó tún béèrè: ṣé kí òun tọ́jú gbogbo ohun tí mo yàn lónìí sórí dísìkì? Yes àbí No?

Ogún ọdún ni mo ti fi ṣe iṣẹ́ ìjọba. Ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, kò ṣẹlẹ̀. Yes. Ó ní kí n yan bí ààyè ẹ̀ ṣe máa tóbi tó. Mo yan èyí tó tóbi jù, kó má baà di pé màá tún bẹ̀rẹ̀ látorí ojú tó ṣú àti máósì.

Inú mi dùn lọ́nà kan. Bó bá ń rí dísìkì tó sì ń kọ nǹkan sí i, dísìkì ò tíì kú nìyẹn. Ọmọ mi wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 15 Fébúárì

Iná wá díẹ̀. Kékeré rántí máósì. Iná lọ. Mi ò rí nǹkan kan ṣí.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Fébúárì

Bákan náà. Ó ní ààyè tí mo fún un ti ń kún, ṣé kí òun fẹ̀ ẹ́ sí i. Yes.

Láídé dé, ó bá mi nídìí ẹ̀. Ó béèrè iṣẹ́ ọ́fíìsì wo ni kì í tán. Mo ní ètò ìgbéga òṣìṣẹ́. Irọ́ ń bímọ fún mi báyìí.

Ọjọ́ Ajé, 20 Fébúárì

Mo lálàá Tófúnmi. Ó yíjú sí ògiri. Mo ní kó yíjú padà, kò yí i.

Ọjọ́bọ̀, 23 Fébúárì

Mo ṣí i.

Mo rí i níkẹyìn: èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pàṣẹ fún Kékeré pé kó so dísìkì mọ́ra kó tó lè ṣí i. Bọ́tìnì kékeré kan báyìí, lábẹ́ imú mi látọjọ́ yìí. Mo tẹ̀ ẹ́. Àpò kan yọ. Mo ṣí àpò náà.

Fáìlì tí èmi fúnra mi ní kó tọ́jú ló wà níbẹ̀. Òun nìkan. Kò sí Wíńdò, kò sí fọ́tò, kò sí ohùn. Mo pa á, mo tún ṣí i. Bákan náà.

Àìsàn wo ló ń mú kọ̀ǹpútà tó ń fọ inú ẹ̀ mọ́ tónítóní báyìí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Fébúárì

Mo gbé Arúgbó lọ sí Ọ̀tìgbà. Mo sọ òtítọ́ fún Shuaib. Ó ní kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, ó sì so dísìkì náà mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Ohun tó rí nìyí. Dísìkì náà kò ṣàìsàn rí. Ẹnìkan ló nù ún. Ó fi ọjọ́ ẹ̀ hàn mí: inú oṣù kọkànlá ni, nígbà tí a wà ní Maryland. Ìdí tí Arúgbó kò ṣe rí Wíńdò nìyẹn. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Wọ́n kó ẹrù ọmọ mi kúrò níbẹ̀ bí wọ́n ṣe kó o kúrò lára ògiri.

Mo bi í bóyá a lè rí i padà. Ó fọwọ́ pa ojú. Mo fẹ́ kó sọ ọ́, ó sì sọ ọ́: "Ọ̀gá, bí wọ́n bá nù ún báyẹn, nǹkan náà ò tíì lọ. Ó wà lábẹ́. Ìgbà tí èèyàn bá kọ nǹkan míì lé e lórí ló ń lọ."

Dísìkì Arúgbó kéré. Fáìlì tí mo ní kó tóbi jù, ààyè tí mo ní kó yá, èyí tí mo tún ní kó fẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ẹ̀ tán. Shuaib ní bí òun bá mọ̀ pé fọ́tò ọmọ ni, òun ò ní jẹ́ kí n gbé sídíì yẹn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Kò fi bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Ó wá a títí di ìrọ̀lẹ́, kò tiẹ̀ lọ jẹun. Ohùn kankan kò sí. Ààbọ̀ fọ́tò kan ló rí, kì í tilẹ̀ í ṣe ààbọ̀: òkè ẹ̀ nìkan. Àjà pálọ̀ wa, fáànù, bàlúùnù pupa kan. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, àwọ̀ eérú lásán ni.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo sunkún ní ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni, mi ò rí nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Fébúárì

Mi ò lọ sí ìsìn. Láídé náà ò lọ. Mo gbé Arúgbó padà sáyè ẹ̀, mo tàn án. Ó wọlé wẹ́rẹ́, máósì ń rìn, kò sí wàhálà kankan mọ́ nínú ẹ̀.

Mo sọ fún Láídé pé mo mọ̀ pé ẹnìkan nu dísìkì náà. Mo ti múra tán láti lọ bá Kọmíṣọ́nnà jà ní Maryland, mo ti wọ bàtà. Láídé ní kí n jókòó.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é," ó wí. "Ọjọ́ kejì tó lọ, ẹ ò sí nílé, mo tan kọ̀ǹpútà, mo sì gbọ́ ohùn ẹ̀. Mo dìde pé kí n lọ bá a nínú yàrá. Mo tiẹ̀ dá a lóhùn. Mo mọ̀ pé bí ohùn yẹn bá wà nínú ilé yìí, màá ya wèrè. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n wá ẹnìkan ní Ọ̀gbà tó bá wa nù ún."

Mi ò lè bínú sí i. Mo wá ìbínú náà, mi ò rí i. Ó jókòó síbi apá àga, ó ń fi etí ìró aṣọ rẹ̀ nu ọwọ́ tí kò lómi. Ó wá bi mí bóyá díẹ̀ ṣì kù níbẹ̀. Ó ní ohunkóhun. Ó ní bó tiẹ̀ jẹ́ pé ohùn náà ò ní ọ̀rọ̀, bó jẹ́ ibi tó ti ń wúkọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn.

Mo lè ní ó ti tán láti oṣù kọkànlá. Òun á gbà á, á sì ru ẹ̀bi náà dé ibojì. Mo sọ fún un pé kò tán nígbà náà. Mo ní ó wà níbẹ̀ títí di oṣù yìí, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ nǹkan lé e, mo sì ń tẹ Yes. Ó wò mí. Kò sọ pé kò burú. Ó burú.

Mo fi àwòrán tó kù hàn án. Ó sún àga mọ́ ọn, ó wo fáànù, ó wo bàlúùnù. Ó ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó kẹ́yìn nìyí, ìgbà tó wọ aṣọ aláwọ̀ yẹ́lò tó ní òun ò ní jókòó kó má baà rún.

Ó wá fi ìka kan ojú Arúgbó, nísàlẹ̀, níbi tí kò sí nǹkan. Ó ní ibí ló dúró sí. Ó gbé ìka náà kúrò díẹ̀, ó ní rárá, ibí ni, bàbá ẹ̀, orí ẹ̀ dé ibí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A jókòó síbẹ̀ títí NEPA fi mú iná lọ.